Ìwé ìròyìn tú àṣírí ilé Emily, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ló wa mọ́tò gbé e la Amẹ́ríkà já

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí fún Emily Post, obìnrin tí gbogbo Amẹ́ríkà padà mọ̀ sí olùkọ́ ìwà ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n kí orúkọ yẹn tó dé, ojú ẹ̀ ti rí màbo.

Ọmọ olówó ni. Bruce Price, bàbá ẹ̀, wà lára àwọn ayàwòrán ilé tó lórúkọ nígbà ayé ẹ̀. Lọ́dún 1892, Emily fẹ́ Edwin Post, wọ́n sì bí ọmọkùnrin méjì: Ned àti Bruce. Àfi bó ṣe di 1905 tí wàhálà dé. Edwin ń yan àlè níta, ìwé ìròyìn olófòófó kan tí wọ́n ń pè ní Town Topics sì gbọ́. Ni ẹnì kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ bá lọ bá a, ó ní kó mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣírí á tú.

Edwin ò san kọ́bọ̀. Ó fẹjọ́ sun ìjọba, wọ́n dẹ pàkúté fún ọkùnrin náà, wọ́n sì mú un. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn gbé e, ohun tí Edwin ń ṣe ní bòńkẹ́lẹ́ sì di ohun tí tolórí-tẹlẹ́mù ń sọ. Bí ìgbéyàwó ṣe tú ká nìyẹn o. Emily gbájú mọ́ ìwé kíkọ.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìyẹn 1915, ìlú San Francisco ń ṣe àfihàn ńlá nítorí ọ̀nà omi Panama tí wọ́n ṣí lọ́dún 1914. Ìwé ìròyìn Collier's ní kí Emily gbé mọ́tò láti New York, kó máa kọ ohun tójú ẹ̀ bá rí. Ìrìn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì! Ta ni yóò wà á? Wọn ò gba dírẹ́bà kankan. Ned ni, ọmọ tó ti dàgbà, tó wà ní Yunifásítì Harvard. Ìbátan wọn obìnrin kan bá wọn lọ. Oṣù kẹrin ni wọ́n gbéra.

Ẹ má rò pé ọ̀nà ọlọ́dà ni wọ́n gbà o. Títì Lincoln Highway tí wọ́n kéde lọ́dún 1913 lórúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ lásán ló pọ̀ níbẹ̀. Bójò bá ti rọ̀, ó di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Abẹ́ mọ́tò wọn sún mọ́lẹ̀ jù, ẹrù inú ẹ̀ sì pọ̀. Ní Rochelle, ìpínlẹ̀ Illinois, ẹrẹ̀ dá wọn dúró. Nígbà tó yá, wọ́n yà sí apá gúúsù, wọ́n gba Colorado àti New Mexico, níbi tí òkúta àti iyanrìn ti ń dúró dè wọ́n.

Ọmọ tí ìyá pọ̀n sẹ́yìn lánàá ló wá ń gbé ìyá kiri yìí. Ní Winslow, ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n gbà pé ọ̀nà ti ju mọ́tò náà lọ, wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ ojúirin títí dé Los Angeles, kí Ned tó tún wà á dé San Francisco.

Ẹlòmíì ò bá fi ti ọkọ̀ ojúirin yẹn pa mọ́. Emily ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé By Motor to the Golden Gate, tó jáde lọ́dún 1916. Ẹni táwọn ẹlòmíì ti ro ẹjọ́ ilé ẹ̀ fáyé gbọ́ rí, òun fúnra ẹ̀ ló ro tìrìn-àjò yìí. Lọ́dún 1922 ló gbé ìwé Etiquette jáde, òkìkí ẹ̀ sì kàn.

Emily kú lọ́dún 1960. Nígbà tó di 1961, ìwé kan jáde nípa ìgbésí ayé ẹ̀, Truly Emily Post. Ned ló kọ ọ́. Olófòófó ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ilé wọn síta, ṣùgbọ́n ọmọ tó wa mọ́tò gbé ìyá ẹ̀ ló jókòó sọ ọ́ bó ṣe yẹ.