Ẹlẹ́rù Ní í Gbé Ibi Tó Wúwo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi kò lòdì sí gbígba ìrànlọ́wọ́ òkèèrè. Ẹni tí yóò pinnu ohun tí a ó fi ṣe ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ní 1959, ìjọba Nàìjíríà yan ìgbìmọ̀ Eric Ashby láti wo ẹ̀kọ́ gíga tí a ó nílò fún 20 ọdún. Àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà ló gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ní 1960, wọ́n dábàá yunifásítì fún Àríwá, Ìlà-Oòrùn àti Èkó, ní àfikún sí ti Ìbàdàn. Wọn kò ka tuntun kankan fún Ìwọ̀-Oòrùn.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò torí èyí káwọ́ gbera. Ní 1961, ó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti 1964, Amẹ́ríkà náà wá ràn án lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀: àwọn olùkọ́ ti Wisconsin wá, àwọn ọmọ wa sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i kí wọ́n lè padà wá gba ipò wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹni tó mọ ibi tó ń lọ ni a lè bá gbé ẹrù.