Wáyà Ilẹ̀ fún Ẹ̀rọ Afami

Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti ń fi omi odò Mono ṣe iná ní Nangbéto, lápá Atakpamé níhìn-ín. Níbi tí iná dé, àwọn kan ti fi ẹ̀rọ afami sí kànga ilé wọn. Ó dára, apá sinmi okùn fífà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o!

Bí ara wáyà inú ẹ̀rọ bá bó, iná á bọ́ sára irin ẹ̀rọ. Ojú kò lè rí i. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ tútù láìwọ bàtà, tó sì fọwọ́ kan irin náà, iná á gba ara rẹ̀ wọlẹ̀. Ó lè pa á lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà ni wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò ṣe wà. Àwọn oníná kan a máa gé e sọnù. Ẹ má gbà fún wọn. Ó ń ti ara ẹ̀rọ lọ bá ọ̀pá bàbà tí a gbá wọ ilẹ̀, kí iná lè gba ibẹ̀ lọ. Páìpù irin àti ìdérí irin kànga, ẹ jẹ́ kí oníná so wọ́n mọ́ ọn pẹ̀lú.

Ọ̀pá nìkan kò tó. Ẹ ra «disjoncteur différentiel» tí a kọ 30 mA sí lára. Bí iná bá ń jò, kíá ni yóò pa á. Bí ó bá ń pa á léraléra, ẹ má fi agídí tan án. Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ẹ pe oníná.