Òjò àti Ọjọ́ Lórí Àwòrán Ìṣirò

Bí a bá fẹ́ fi àwòrán hàn bí òjò ṣe rọ̀ láàárín oṣù kan, “òjò” ni a ó kọ sí ẹ̀gbẹ́, “ọjọ́” ni a ó kọ sí ìsàlẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá gbé àmì gbogbo mì, “ojo” méjì ni yóò kù, òǹkàwé a sì máa wá ẹni tí ó ń sá lójú ogun. Èdè Faransé kì í jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀: é àti à wà nínú àkójọ lẹ́tà àtijọ́ tí à ń pè ní Latin-1, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀.

Gnuplot, tí ó ti wà láti 1986, yanjú ọ̀rọ̀ yìí fún àwa tí à ń lo Linux. A ó kọ́kọ́ kọ àṣẹ mẹ́ta wọ̀nyí:

set encoding utf8
set terminal pdfcairo font "DejaVu Sans,12"
set output "ojo.pdf"

(Orúkọ fáìlì nìkan ni a lè forí àmì jì.) Pdfcairo ni kí a mú, nítorí pé Pango, tí ó ń bá a to lẹ́tà, mọ bí a ti ń gbé àmì ohùn lé orí ọ. Lẹ́yìn àṣẹ plot, a ó kọ unset output kí fáìlì lè parí; ẹni tí ó bá fò ó lè bá PDF tí kò ní ṣí. Bí a bá sì tẹ àwòrán náà tóbi bí ògiri kíláàsì, ìlà rẹ̀ kò ní fọ́ bíi ti PNG.