Nọ́ńbà Tí A Fi Bojú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ti nọ́ńbà tí ó máa ń hàn lójú fóònù bí ẹnìkan bá pè wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti rí nọ́ńbà, a ti mọ ẹni tí ń pè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí olùpè sọ nípa ara rẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Nígbà tí ìdìbò abẹ́lé ku ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùdìbò. Ohùn tí wọ́n gbọ́ jọ ti Ààrẹ Biden, ó sì ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jáde. Kọ̀ǹpútà ni ó sín ohùn náà jẹ. Nọ́ńbà tí wọ́n rí sì jẹ́ ti ẹnìkan tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Bí olùdìbò kan bá dí ọ̀nà mọ́ nọ́ńbà náà, aláìṣẹ̀ ni ó dí i mọ́. Ẹlẹ́tàn yóò fi òmíràn bojú lọ́la. Lójú tèmi, ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ń na aṣọ tí olè jí wọ̀.

Ẹjọ́ sísùn ni ó lè múni dé ọ̀dọ̀ olè fúnra rẹ̀. Ìpè máa ń gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan kọjá, olúkúlùkù wọn a sì kọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti gbà á sílẹ̀. Bí a bá mọ ọjọ́ àti àkókò, a lè máa bi wọ́n léèrè sẹ́yìn títí dé orísun. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tọ ipasẹ̀ ti New Hampshire. Ní ọdún 2024 kan náà, àjọ FCC bu ìtanràn dọ́là mílíọ̀nù 6 lé onímọ̀ràn òṣèlú tí ó ṣètò rẹ̀. Lingo Telecom, tí ó gbé ìpè náà wọlé, san mílíọ̀nù 1.

Ti Lingo yìí gba àròjinlẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni òfin ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńláńlá máa fi èdìdì sí ìpè, láti jẹ́rìí pé oníbàárà àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́ńbà tí ó lò. Èdìdì tí ó ga jù lọ ni Lingo fi sí ìpè èké náà, láìwádìí.

Ẹni tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá dé bá níbẹ̀, kí ó pa fóònù láìtẹ nọ́ńbà kankan, pàápàá èyí tí wọ́n ní yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Kí ó kọ nọ́ńbà tí ó hàn sílẹ̀, àti ọjọ́, àkókò, àti nọ́ńbà tí wọ́n ní kí ó pè padà, kí ó sì fi ẹjọ́ sun àjọ FCC tàbí FTC. Ẹni tí wọ́n sì fi nọ́ńbà tirẹ̀ bojú, tí àwọn tí kò mọ̀ rí ń pè láti bú u, lè gba ohùn sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ pé ẹlẹ́tàn ni ó ń lo nọ́ńbà òun.