Ìtọ́jú Sẹ́ńsọ̀ Afẹ́fẹ́ Ọkọ̀ Oní-dísẹ́ẹ̀lì ní Ìlọrin

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ́ẹ̀lì. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọyẹ́ a máa gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Ìlọrin. Ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà Challenge kò lè ṣe kó má fà á sínú.

Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ yìí, wáyà tín-ín-rín kan wà tí iná mànàmáná ń mú gbóná. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ń mú un tutù. Iye iná tí ó ń gbà kó má baà tutù ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Bí eruku bá bo wáyà náà, kọ̀ǹpútà yóò ka afẹ́fẹ́ sí kékeré, yóò sì dín epo kù. Ọkọ̀ kò ní lè sáré gun òkè mọ́.

Bí a bá fẹ́ fọ̀ ọ́, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí ó tutù, kí a sì yọ orí bátìrì. Oògùn tí a ṣe fún sẹ́ńsọ̀ yìí nìkan ni kí a fín sí i. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́, aṣọ tàbí búrọ́ọ̀ṣì kàn án, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà fẹ́ ẹ, nítorí wáyà náà lè já. Kí ó gbẹ pátápátá kí a tó dá a padà.

Síbẹ̀, fífọ̀ nìkan kò tó. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Fílítà tó ya tàbí tí kò jókòó dáadáa ni ẹnu ògiri náà. Òun ni ó yẹ kí atọ́kọ̀ṣe kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó ní kí ọlọ́kọ̀ náwó sórí sẹ́ńsọ̀ tuntun.