Ẹ Dá Omi Dúró Kí Ẹ Tó Tún Ògiri Kùn

Ní àsìkò òjò, ọ̀pọ̀ onílé àti ayálégbé máa ń rí i pé ẹsẹ̀ ògiri wọn ń rin, ọ̀dà ń wú, sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ẹ sì ń já bọ́. Ọ̀pọ̀ á pe akunlé kí ó fi ọ̀dà tuntun bò ó, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí àbàwọ́n náà fi ń padà yọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹwà ilé. Nínú ìlànà tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2009, ó ṣàlàyé pé ọ̀rinrin inú ilé àti ohun dúdú tó ń hù lára ògiri a máa dá kún ikọ́ àti ikọ́ fée.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi sábà máa ń gbà wọ ògiri. Èkíní ni ilẹ̀: búlọ́ọ̀kù a máa fa omi sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Irú ọ̀rinrin yìí kì í sábà ga ju mítà 1 lọ. Èkejì ni páànù tó ń jò, èyí tí àmì rẹ̀ máa ń hàn lókè ògiri tàbí lára àjà. Ẹ̀kẹta ni páìpù tó lu nínú ògiri. Ibẹ̀ kì í gbẹ, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ó bá jẹ́ láti ilẹ̀, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ tó wọ́jọ ti ògiri kúrò, kí ẹ sì la ojú àgbàrá kí omi má baà dúró sí ẹsẹ̀ ilé. Lẹ́yìn náà, kí bíríkìlà gé sìmẹ́ǹtì tó bàjẹ́ kúrò, kí ó kọjá àmì omi náà sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 1 ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù gbẹ dáadáa, ìbáà gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tó tún un rẹ́. Iyanrìn oníyọ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra.

Ní ti àjà POP tí omi bá, ẹ wá bí yóò ṣe gbẹ láàárín wákàtí 48. Èyí tó bá ti tẹ̀ wálẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí ó má baà wó lu ènìyàn. Bí omi bá kan wáyà iná, ẹ pa iná ilé náà, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ iná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn kí ẹ tó da kọnkéré ilẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ìdènà omi sórí ìpìlẹ̀ kí ògiri tó gòkè. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ tètè sọ fún onílé. Ẹ̀yin onílé, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀: owó páànù kan tí a tètè pààrọ̀ kò tó owó ògiri tí a óò tún rẹ́.