Kí pẹpẹ má baà tẹ̀ lábẹ́ àkójọ sítáǹpù: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó pe káfíńtà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó sítáǹpù jọ ló mọ ọdún tí wọ́n tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, tó mọ iye tó ń lọ lọ́jà, tó sì lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjì tó jọra láìwòwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kílò mélòó ni gbogbo álíbọ́ọ̀mù rẹ̀ wọ̀n, ó ṣeé ṣe kó má rí èsì fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yìí gan-an ló ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ tí èèyàn bá fẹ́ ra pẹpẹ ìkówèésí, tàbí tó fẹ́ kí káfíńtà kan án fún un. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí kò mọ bí eku ṣe tó, báwo ni yóò ṣe mọ bí ìtẹ́ yóò ṣe tó?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Láti ọdún 1874 ni Èkó ti ní sítáǹpù tirẹ̀, nígbà tó wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Ọdún 1914, tí wọ́n da Gúúsù àti Àríwá pọ̀, ni èyí tó ń jẹ́ orúkọ Nàìjíríà jáde. Àwọn ti òmìnira ọdún 1960 tẹ̀lé e, nígbà tó sì di ọdún 1973 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀, iye owó tó wà lára sítáǹpù yí padà. Ẹni tó bá ní díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí, bóyá tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ìtàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí pẹpẹ bá já lóru ọjọ́ kan, tí álíbọ́ọ̀mù ṣubú lé ara wọn, etí sítáǹpù tó ká àti eyín rẹ̀ tó já kò ní alágbẹ̀dẹ tó lè rọ ọ́ padà sí bó ṣe wà.

Sítáǹpù fúnra rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ilé tí a kọ́ fún un ló wúwo. Ewé inú álíbọ́ọ̀mù kì í ṣe bébà lásán, páálí tó nípọn ni. Ọ̀rá tó ń dáàbò bo sítáǹpù wà lórí rẹ̀, òrùka irin ló so ó pọ̀, èèpo líle ló bò ó, àwọn mìíràn sì tún ní àpò páálí tí wọ́n ń tì wọ́n bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwúwo wọn, ẹ gun òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara, kí ẹ kọ iye tó bá sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù márùn-ún mọ́ra, kí ẹ tún gùn ún. Ẹ yọ iye àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì, kí ẹ fi márùn-ún pín in. Èyí tó ti kún ni kí ẹ wọ̀n o, kì í ṣe òfìfo, nítorí pé àkójọ sítáǹpù kì í dúró sójú kan, ṣe ló ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò kan. Ká ní álíbọ́ọ̀mù kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 6, tó sì wọ̀n tó kílò 3. Ipele kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3, yóò gba álíbọ́ọ̀mù 15. Àpapọ̀ ìwúwo wọn jẹ́ kílò 45. Àpò símẹ́ǹtì kan sì rèé, kílò 50 ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò símẹ́ǹtì kan ni ẹ fẹ́ gbé ka orí pákó kan ṣoṣo, tí ẹ kò sì ní í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí pẹpẹ náà bá ní ipele 5, kílò 225 nìyẹn, láìka ìwúwo pákó fúnra rẹ̀. Pẹpẹ tí wọ́n kàn fún fọ́tò àti òdòdó inú pálọ̀ kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dán tó.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bóyá pákó yóò tẹ̀ lábẹ́ ẹrù: irú igi tí wọ́n fi ṣe é, bó ṣe nípọn tó, àti àlàfo tó wà láàárín ìdúró ọ̀tún àti ìdúró òsì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àlàfo ni ọ̀gá. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, bí a bá sọ àlàfo náà di ìlọ́po méjì, tí a sì to ìwé kún un láti ìkángun kan dé èkejì, kì í ṣe ìlọ́po méjì ni pákó yóò fi tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìlọ́po 16 ni. Bí a bá sì dín in kù láti sẹ̀ǹtímítà 90 sí 60, títẹ̀ rẹ̀ yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ní ti nínípọn, bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, pákó yóò le ní ìlọ́po 8. Nítorí náà, kí ẹ tó náwó sórí igi olówó gọbọi, ẹ kọ́kọ́ dín àlàfo kù.

Fún pláìwúùdù tó nípọn tó mílímítà 18, ó dára kí àlàfo má ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹni tó bá fẹ́ pẹpẹ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kó ní kí káfíńtà fi pákó ìdúró kan sí àárín gbùngbùn láti ilẹ̀ dé òkè, kí ipele kọ̀ọ̀kan lè pín sí méjì. Ọgbọ́n mìíràn tún wà. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti skúrúù mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, mọ́ etí iwájú pákó náà lóòró. Ẹ wo rúlà àwọn ọmọ ilé ìwé. Bí ẹ bá gbé e ní pẹlẹbẹ, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ láti òkè, kò ní í mira. Ohun kan náà ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń ṣe fún pákó.

Ní ti irú pákó, páátíkù bọ́ọ̀dù ló wọ́pọ̀ nínú pẹpẹ olówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀rúnrún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni, tí wọ́n wá fi nǹkan dídán bò lójú. Òun ló máa ń tètè tẹ̀ jù. Bí omi bá kàn án, ó máa ń wú, ìṣó kì í sì í dúró lára rẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní MDF sàn díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò tó pláìwúùdù, tó jẹ́ pé abala igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n tò lé ara wọn, tí ojú igi ọ̀kan dábùú ti èkejì. Nínú àwọn igi ilẹ̀ wa, ìrókò àti apá le, ikán kì í sì í fẹ́ràn wọn. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n kò lágbára tó wọn, ikán sì máa ń tètè bà á jẹ́. Igi yòówù kí ẹ mú, ẹ rí i pé ó ti gbẹ dáadáa, nítorí pé igi tútù máa ń wọ́ bó bá ń gbẹ lọ.

Irin ni àwọn ilé ìkàwé ńlá àti àwọn ibi tí wọ́n ń pa ìwé àtijọ́ mọ́ sábà máa ń lò. Ìdí rẹ̀ ni pé ikán kì í jẹ irin, bẹ́ẹ̀ ni kì í tú èéfín kíkan tó máa ń ba bébà jẹ́ jáde bíi ti igi àti páátíkù bọ́ọ̀dù. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà oníyẹ̀fun kùn, tí wọ́n sì fi ooru yan, ló dára jù. Bó bá jẹ́ wẹ́dà àdúgbò ló jó o fún yín, tó sì fi ọ̀dà lásán kùn ún, ẹ jẹ́ kí òórùn ọ̀dà náà tán pátápátá kí ẹ tó kó álíbọ́ọ̀mù sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáníìṣì kùn. Bí ẹ bá ra ráàkì onírin tí wọ́n kọ iye kílò tó lè gbé sí lára, ẹ béèrè bóyá iye náà wà fún ipele kọ̀ọ̀kan ni, tàbí fún gbogbo ráàkì lápapọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ló wà láàárín méjèèjì.

Pákó tó le kò wúlò bó bá jẹ́ èèkàn ike kéékèèké mẹ́rin ló gbé e dúró. Ẹ ní kí káfíńtà la ojú sí ara pákó ìdúró tí ipele yóò wọ̀, tàbí kó kan igi kan sábẹ́ ìkángun kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn dé iwájú. Skúrúù ni kó lò, kì í ṣe ìṣó lásán. Kó sì fi pláìwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ẹ̀yìn pẹpẹ náà, nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kó máa mì sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi irin onígun mú òkè rẹ̀ mọ́ ògiri, pàápàá nínú ilé tí ọmọdé wà, torí ọmọdé lè fẹ́ gùn ún. Ìṣó tó mọ sínú símẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ògiri nìkan kò tó, inú blọ́ọ̀kù gan-an ni kó wọ̀. Álíbọ́ọ̀mù tó wúwo jù ni kí ẹ kó sí ipele ìsàlẹ̀.

Ibi tí pẹpẹ yóò dúró sí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní àsìkò òjò, atẹ́gùn ilẹ̀ wa máa ń kún fún ọ̀rinrin. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹpù tí a kò tíì lò máa ń fa ọ̀rinrin yìí mu, yóò sì lẹ̀ mọ́ ewé álíbọ́ọ̀mù. Nígbà mìíràn, àmì pupa rúsúrúsú yóò yọ lára bébà. Ẹ má ṣe gbé pẹpẹ ti ògiri tí òjò ń nà láti ìta, tàbí ògiri balùwẹ̀, tàbí ojú fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé. Ẹ fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri kí atẹ́gùn lè máa fẹ́, kí irin tó mú un mọ́ ògiri sì gùn tó àyè náà. Ipele ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kí omi tó bá ya wọlé má baà kàn án, kí ẹ sì lè máa rí abẹ́ rẹ̀. Bí ikán kò bá tilẹ̀ jẹ irin tàbí ìrókò, ó lè mọ ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ gba ara rẹ̀ kọjá lọ bá bébà lókè.

Ẹ wọn álíbọ́ọ̀mù yín pẹ̀lú àpò rẹ̀, kí ipele fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 jìn jù ú lọ, kó sì fi irú iye bẹ́ẹ̀ ga jù ú lọ kí ọwọ́ lè ráàyè wọ̀ ọ́. Òòró ni kí álíbọ́ọ̀mù máa dúró. Bí ẹ bá tò wọ́n lé ara wọn ní pẹlẹbẹ, ìwúwo àwọn tòkè yóò máa tẹ sítáǹpù inú àwọn tìsàlẹ̀ mọ́ ewé. Ẹ má fún wọn pọ̀ jù, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fara ti ara wọn gẹ́gẹ́rẹ́. Bí ipele kò bá kún, ẹ fi nǹkan tó wúwo ti èyí tó kẹ́yìn.

Bí káfíńtà bá parí iṣẹ́, ẹ má tíì kó álíbọ́ọ̀mù sí i. Ẹ ra omi inú ọ̀rá. Àpò kan tó ní ọ̀rá 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 10. Fún ipele oníẹsẹ̀ bàtà 2 tí yóò gba álíbọ́ọ̀mù 10, ìyẹn kílò 30, àpò mẹ́ta ti tó. Ẹ tẹ́ ọ̀rá omi náà káàkiri orí rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ na òwú láti ìkángun kan dé èkejì lábẹ́ ẹrù náà, kó le dáadáa, kí ẹ sì wo bí àárín pákó ṣe lọ sílẹ̀ tó. Bó bá ju mílímítà 2 lọ, ẹ pe káfíńtà padà. Ọ̀rá omi tó bá bọ́ kò ní ju ilẹ̀ tó tutù lọ. Álíbọ́ọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀.

Kódà bí ó bá yege, ẹ má gbàgbé òwú yẹn. Igi tó ru ẹrù kan náà lójoojúmọ́ yóò máa tẹ̀ sí i láti ọdún dé ọdún, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fi nǹkan kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti bí ó bá dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ẹ mú bébà kékeré kan dání tí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sí: kílò tí ipele kọ̀ọ̀kan yóò gbé, gígùn àlàfo, nínípọn pákó, àti bí álíbọ́ọ̀mù ṣe ga tó, tó sì fẹ̀ tó. Káfíńtà tó bá rí i yóò mọ̀ pé kì í ṣe pẹpẹ òdòdó ni ẹ wá kàn.